Mọfíìnì, òfin àti àìsàn tí kò ní ìwòsàn: kí ni wọ́n ń bá ìjọba Nàìjíríà fà lórí ìtọ́jú ìdẹ̀rùn?

Ní ogúnjọ́ oṣù Kẹfà ọdún 2025, àwọn aṣojú-ṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ìbò 314 sí 291 gbé àbádòfin kan kọjá lọ́dọ̀ wọn. Àbádòfin náà fẹ́ kí dókítà lè ran àgbàlagbà tí àìsàn ti fẹ́ gba ẹ̀mí rẹ̀ lọ́wọ́, kó lè fọwọ́ ara rẹ̀ fòpin sí ẹ̀mí rẹ̀. Oṣù díẹ̀ ṣáájú ìyẹn, ní oṣù Kejì, BBC tú àṣírí ilé iṣẹ́ kan ní Íńdíà tó ń kó oògùn apàrora tí kò gba àṣẹ ránṣẹ́ sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Nàìjíríà náà sì wà níbẹ̀. Ìròyìn méjèèjì ló fẹ́ bo ohùn àwọn kan mọ́lẹ̀: àwọn dókítà, nọ́ọ̀sì àti apòògùn tó ń tọ́jú aláìsàn tí àìsàn rẹ̀ kò ní ìwòsàn, tí wọ́n ti ń ké pe ìjọba wa fún ọ̀pọ̀ ọdún pé kí òfin fẹsẹ̀ ìtọ́jú ìdẹ̀rùn múlẹ̀.

Ẹni tó gbọ́ ìròyìn àkọ́kọ́ á rò pé ikú ni wọ́n ń bá aláìsàn wá. Ẹni tó gbọ́ èkejì á ní kí ìjọba ti ẹnubodè mọ́ gbogbo oògùn apàrora pátá. Aláìsàn tó ń jẹ̀rora lórí bẹ́ẹ̀dì ló ń jìyà àṣìgbọ́ méjèèjì. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Kí ni ìtọ́jú ìdẹ̀rùn, ta ló sì wà fún?

Òun ni àwọn òyìnbó ń pè ní palliative care. Ó jẹ́ ìtọ́jú fún ẹni tí àìsàn líle ń bá fínra, láti dín ìrora rẹ̀ kù, àti èébì, àìlèmí dáadáa, àìróorunsùn, ẹ̀rù àti ìbànújẹ́ tó bá a rìn. Ẹbí tó ń tọ́jú rẹ̀ náà wà nínú rẹ̀, títí dé ìgbà ọ̀fọ̀. Kò túmọ̀ sí pé wọ́n dá ìtọ́jú àìsàn náà fúnra rẹ̀ dúró. Ẹni tó ń gba oògùn jẹjẹrẹ lè máa gba ìtọ́jú ìdẹ̀rùn láti ọjọ́ tí wọ́n ti sọ fún un pé jẹjẹrẹ ni. Kò sì bá ìrẹsì pálíétíìfù tí ìjọba pín lẹ́yìn tí owó epo gbówó lórí ní 2023 tan rárá.

Họ́sípíìsì jẹ́ apá kan nínú rẹ̀. Òun ni ti ìgbà tí ìwòsàn kò sí mọ́, tí gbogbo ìsapá wá dojú kọ bí ìyókù ayé aláìsàn ṣe máa rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ó lè jẹ́ ilé ìtọ́jú, ó sì lè jẹ́ nọ́ọ̀sì tó ń tọ aláìsàn lọ sílé. Dókítà obìnrin ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Cicely Saunders, tó ti kọ́kọ́ ṣe nọ́ọ̀sì, ló dá St Christopher's sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní 1967, ibẹ̀ sì ni họ́sípíìsì ìgbàlódé ti tàn ká ayé. Ẹni tó bá rò pé ọjọ́ mélòó kan péré ni èèyàn ń lò níbẹ̀, kó rántí Jimmy Carter, ààrẹ Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀ rí. Oṣù Kejì ọdún 2023 ni wọ́n kéde pé ó ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú họ́sípíìsì nílé rẹ̀. Ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá ọdún 2024 ló jáde láyé, lẹ́yìn tó ti pé ọmọ ọgọ́rùn-ún ọdún.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ṣírò rẹ̀ pé èèyàn bíi mílíọ̀nù 56.8 ló nílò irú ìtọ́jú yìí lọ́dọọdún, àti pé ìdá 14 péré nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ń rí i gbà. Àwọn orílẹ̀-èdè tí owó kò pọ̀ lọ́wọ́ wọn ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó kù wà. Ní Nàìjíríà, jẹjẹrẹ ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ rántí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀: ìṣirò àgbáyé ti ọdún 2022 ní èèyàn tó lé ní 127,000 ni jẹjẹrẹ tuntun mú nílẹ̀ wa lọ́dún náà, ó sì pa àwọn tó lé ní 79,000. Púpọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé ìgbà tí àìsàn ti wọ̀ wọ́n lára tán ni wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ṣùgbọ́n àìsàn kíndìnrín, àìsàn ọkàn, rọpárọsẹ̀ àti éèdì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Fòníkú-fọ̀ladìde náà wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n fojú bù pé ọmọ bíi 150,000 ń bá wáyé lọ́dọọdún ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá ti rí ọmọ ọdún méje tí egungun ń ro ní òru mọ̀ pé ọ̀rọ̀ oògùn apàrora kì í ṣe ti àgbàlagbà nìkan.

Ṣé kì í ṣe ọ̀nà àrékérekè láti pa aláìsàn ni?

Rárá. WHO sọ ọ́ kedere nínú àlàyé tó ṣe lórí ìtọ́jú yìí ní 2002 pé kò wà láti mú ikú yá, kò sì wà láti fà á sẹ́yìn. Ohun tí àwọn aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jiyàn lé lórí yàtọ̀ pátápátá: oògùn tí wọ́n máa fún èèyàn kó lè fi kú ni. Ní Nàìjíríà, òfin ọ̀daràn tí wọ́n ń lò ní gúúsù, Criminal Code, ti ti ilẹ̀kùn yẹn: abala 326 ní ẹ̀wọ̀n gbére ni fún ẹni tó bá ran ẹlòmíràn lọ́wọ́ láti para rẹ̀. Kò sí ẹnì kankan nínú àwọn tó ń jà fún ìtọ́jú ìdẹ̀rùn níbí tó ní kí wọ́n yí ìyẹn padà.

Àṣìgbọ́ yìí ní ohun tó ń bà jẹ́. Abala 311 nínú òfin kan náà sọ pé ẹni tó bá mú ikú ẹni tí àìsàn ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ yá, bí ìgbà tó pa á ni. Dókítà tí kò kọ́ nípa mọfíìnì, oògùn apàrora tó lágbára, tó sì rántí abala yẹn, á ṣọ́wọ́ mọ́ra nígbà tó bá fẹ́ kọ oògùn sínú káàdì aláìsàn. Bẹ́ẹ̀, mọfíìnì tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ìwọ̀nba, tí wọ́n ń fi kún un díẹ̀díẹ̀ bí ìrora bá ṣe rí, kì í pa aláìsàn. Ìdí nìyí tí àwọn alágbàwí fi ní òfin gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ní gbangba pé dókítà tó tẹ̀lé ìlànà tó yẹ láti fi oògùn pa ìrora kò ṣẹ̀.

Kí ló ti wà lórí ìwé ní Nàìjíríà?

Kì í ṣe pé kò sí ohunkóhun. Abilékọ Fatunmbi ló dá Hospice Nigeria sílẹ̀ ní Èkó ní 1993. Ní Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olaitan Soyannwo, tó jẹ́ onímọ̀ nípa oògùn akunni-lóorun àti ìrora, kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ láti dá Centre for Palliative Care Nigeria sílẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn sì ni iṣẹ́ họ́sípíìsì ti UCH, ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ńlá tó wà níbẹ̀, ti fìdí múlẹ̀. Ẹgbẹ́ gbogbogbò tó kó àwọn oníṣẹ́ yìí jọ jákèjádò orílẹ̀-èdè bẹ̀rẹ̀ ní 2007.

Ní ti òfin, National Health Act, tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí ní 2014, dá owó kan sílẹ̀ fún ìlera ìpìlẹ̀: ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó àpapọ̀ tó ń wọlé fún ìjọba àpapọ̀. Òfin adójútòfò ìlera tuntun, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní 2022, sọ ọ́ di dandan fún gbogbo èèyàn láti ní adójútòfò, ó sì ṣètò àpò owó fún àwọn aláìní. Òfin tó dá àjọ NICRAT sílẹ̀ fún ìwádìí àti ìtọ́jú jẹjẹrẹ jáde ní 2017, àjọ náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2023. Ìwé tó bá ọ̀rọ̀ wa mu jù lọ jáde ní 2021, nígbà tí iléeṣẹ́ ètò ìlera ìjọba àpapọ̀ ṣe ìfilọ́lẹ̀ ìlànà àti ètò iṣẹ́ fún họ́sípíìsì àti ìtọ́jú ìdẹ̀rùn.

Ìlànà ti wà, kí ni wọ́n tún ń fẹ́ òfin ṣe?

Ibí ni kókó ọ̀rọ̀ wà. Ìlànà jẹ́ ohun tí ìjọba ní òun ní lọ́kàn láti ṣe. Òfin jẹ́ ohun tó gbọ́dọ̀ ṣe, tí èèyàn sì lè bi í léèrè níwájú adájọ́. Mínísítà tuntun lè ti ìlànà èyí tó ṣáájú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá ilé ìwòsàn lè ní kò sí owó fún un, ọ̀rọ̀ sì tán. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, Nàìjíríà kò ní òfin kan tó dá dúró tó sọ pé aláìsàn ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú ìdẹ̀rùn.

Àwọn kan á ní ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ńkọ́? Lóòótọ́, abala 17(3)(d) ní kí ìjọba rí i pé ìtọ́jú ìlera tó péye wà fún gbogbo èèyàn. Ṣùgbọ́n inú Orí Kejì ni abala náà wà, abala 6(6)(c) sì ti sọ pé ilé ẹjọ́ kò ní agbára láti dá ẹjọ́ lórí ohun tó wà nínú Orí náà. Àwọn agbẹjọ́rò ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn máa ń gba ọ̀nà mìíràn: Àdéhùn Áfíríkà lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, tí Nàìjíríà ti sọ di òfin tirẹ̀ ní 1983, ní abala 16 rẹ̀ fún gbogbo èèyàn ní ẹ̀tọ́ sí ìlera tó dára jù lọ tí ọwọ́ lè tẹ̀. Ọ̀nà tó gùn ni, kì í sì í ṣe ohun tí ẹni tó ní oṣù mẹ́ta lókè eèpẹ̀ lè dúró dè.

Nǹkan mélòó kan làwọn alágbàwí fẹ́ kó wọ inú òfin tàbí inú ìlànà ìmúṣẹ rẹ̀: kí ìtọ́jú ìdẹ̀rùn ní ìlà tirẹ̀ nínú ìṣúná ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀, kí adójútòfò máa san owó rẹ̀, kí wọ́n máa kọ́ ọ ní gbogbo iléèwé ìṣègùn, ti nọ́ọ̀sì àti ti apòògùn, kí nọ́ọ̀sì tó ti gba ẹ̀kọ́ pàtàkì lè kọ oògùn ìrora fún aláìsàn. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló ń dá awuyewuye sílẹ̀ jù, a ó sì padà sórí rẹ̀.

Kí ló dé tí mọfíìnì fi ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀?

Mọfíìnì kì í ṣe oògùn tuntun, kì í sì í ṣe olówó gọbọi. WHO ti fi sínú ìwé àwọn oògùn tí orílẹ̀-èdè kankan kò gbọ́dọ̀ ṣaláìní láti 1977, ọdún tí ìwé náà kọ́kọ́ jáde. Ìyẹ̀fun ló máa ń dé. Apòògùn á fi omi tó mọ́ pò ó, á fi èròjà tí kò ní jẹ́ kó bàjẹ́ sí i, á rọ ọ́ sínú ìgò. Aláìsàn á máa mu ún ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin. Ó máa ń gbẹ́ni nínú, nítorí náà wọ́n máa ń fún aláìsàn ní oògùn tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Kò gba ẹ̀rọ ńlá, kò gba yàrá iṣẹ́ abẹ.

Ohun tó gbà ni àṣẹ, àṣẹ náà sì pọ̀. Àdéhùn àgbáyé ti 1961 lórí oògùn olóró, tí Nàìjíríà fọwọ́ sí, sọ ohun méjì pọ̀: kí orílẹ̀-èdè má jẹ́ kí irú oògùn yìí bọ́ sọ́wọ́ àwọn ajoògùnyó, kí ó sì rí i pé ó wà ní ìwọ̀n tó tó fún àwọn tó ń jẹ̀rora, nítorí kò ṣeé máà ní nínú ìṣègùn. Àjọ INCB tó wà ní Vienna ló ń mójú tó àdéhùn náà. Lọ́dọọdún, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan á kọ̀wé sí i pé báyìí ni ìwọ̀n tí a máa nílò. Wọn ò gbọdọ̀ kó ju ìyẹn lọ wọlé.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìwọ̀n tí wọ́n lò lésìí ni wọ́n sábà máa ń fi ṣírò ti àmọ́dún. Bí dókítà bá ń bẹ̀rù láti kọ ọ́, díẹ̀ ni wọ́n á lò. Bí wọ́n bá lo díẹ̀, díẹ̀ ni wọ́n á béèrè fún. Bí ó bá sì jẹ́ díẹ̀ ló wọlé, dókítà á gbàgbé bí wọ́n ṣe ń lò ó, ọ̀dọ́ dókítà tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ kò sì ní rí ìgò rẹ̀ sójú rí.

Láàrin ìlú náà, oògùn yìí gba ojú ọ̀nà tóóró. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ibi ìkóògùnpamọ́ ìjọba àpapọ̀ ní Oshodi ni ẹnu ọ̀nà tó ń gbà wọlé, ilé ìwòsàn láti ìpínlẹ̀ mìíràn á sì rán èèyàn wá sí Èkó pẹ̀lú ìwé àṣẹ láti gbà á. NAFDAC, tí òfin 1993 dá sílẹ̀, ń mójú tó ìwé àṣẹ àti àkọsílẹ̀. NDLEA, tí òfin 1989 dá sílẹ̀, ń ṣọ́ ẹnubodè àti ìgboro. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀, òfin oògùn eléwu tí àwọn òyìnbó amúnisìn ṣe ní 1935 ṣì wà nínú ìwé òfin wa. Ẹ̀rù ìlòkulò ló bí gbogbo òfin wọ̀nyí. Apá kejì àdéhùn 1961, ti kí oògùn tó fún aláìsàn, kò rí ọmọ bí nínú òfin wa.

Àbájáde rẹ̀ hàn nínú ìṣirò tí ìgbìmọ̀ kan tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé kalẹ̀ gbé jáde ní 2017. Wọ́n wo ìwọ̀n mọfíìnì àti àwọn ìbátan rẹ̀ tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan tó wà nínú ìjìyà àìsàn líle lọ́dún. Ní Kánádà, ó lé ní mílígíráàmù 68,000. Ní Uganda, 53. Ní Nàìjíríà, 0.8, èyí tó jẹ́ ìdá 0.2 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó yẹ. Kí òǹkàwé lè mọ bí ó ṣe kéré tó: ìwọ̀n tí wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀ fún àgbàlagbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó mílígíráàmù 2.5 sí 5. Ohun tó kan ọmọ Nàìjíríà fún odidi ọdún kò tó ṣíbí oògùn kan. Ọdún 2010 sí 2013 ni wọ́n ti mú ìṣirò náà, nǹkan sì ti sún díẹ̀ láti ìgbà náà, nítorí ìjọba ti ń mú ìyẹ̀fun mọfíìnì wọlé, àwọn ilé ìwòsàn bíi UCH sì ti ń pò ó fúnra wọn. Síbẹ̀, ẹni tó bá jáde kúrò nínú ìlú tí ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ wà kò ní rìn jìnnà kó tó bọ́ sí ibi tí kò ti sí rárá.

Bí òfin bá tú u sílẹ̀, ṣé kò ní sọ àwọn ọ̀dọ́ wa di ajoògùnyó?

Ẹni tó ń bẹ̀rù èyí kò jẹ̀bi. Ìwádìí tí UNODC, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró, àti àjọ ìṣirò orílẹ̀-èdè wa gbé jáde lẹ́yìn ìwádìí ọdún 2017 sọ pé èèyàn mílíọ̀nù 14.3 láàrin ọmọ ọdún 15 sí 64 ló ti lo oògùn olóró láàrin ọdún kan, àti pé mílíọ̀nù 4.6 ló lo oògùn apàrora lọ́nà tí kì í ṣe ti ìtọ́jú. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ọdún 2018, ọjọ́ kan lẹ́yìn tí BBC gbé fídíò rẹ̀ jáde lórí oògùn ikọ́ oníkodíìnì, mínísítà ìlera, Isaac Adewole, fòfin de kíkó kodíìnì wọlé fún ṣíṣe oògùn ikọ́. Àwọn òbí tó ti sunkún lórí ọmọ wọn mọ ohun tó fa ìpinnu yẹn.

Àwọn oníṣẹ́ ìtọ́jú ìdẹ̀rùn kò bá wọn jiyàn pé ewu wà. Ohun tí wọ́n ní kí a wò ni oògùn tó ń bá àwọn ọ̀dọ́ jà nígboro: trámádólù ló gba iwájú, kodíìnì tẹ̀ lé e, ọ̀nà fàyàwọ́ àti ilé oògùn tí kò béèrè ìwé dókítà sì ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń gbà dé. Mọfíìnì olómi tí wọ́n pò fún aláìsàn kan, tí orúkọ rẹ̀ wà lára ìgò, tí ìwọ̀n rẹ̀ wà nínú ìwé, kì í ṣe ọ̀nà kan náà. Wọ́n tún ń tọ́ka sí i pé ara aláìsàn tó ń lo mọfíìnì fún ìrora lè mọ́ ọn, tí wọn kò ní lè já a lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n ìyẹn yàtọ̀ sí ẹni tó ń sá kiri wá a.

Àwọn tó ń ṣọ́ òfin oògùn ní tiwọn ní ohun tó bá ti kúrò ní ilé ìwòsàn ńlá ṣòro láti tọpa. Nọ́ọ̀sì á gbé ìgò lọ sílé aláìsàn, aláìsàn á kú, ìgò á ṣẹ́kù. Ta ló máa dá a padà? Ìbéèrè tó yẹ ni, ó sì yẹ kí òfin dáhùn rẹ̀. Àwọn ìlànà tí ìjọba àti UNODC jọ gbé jáde ní 2018 lórí oògùn tí a ń ṣọ́ gbìyànjú láti so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀, ìyẹn kí oògùn tó fún aláìsàn kí ó má sì jò, ṣùgbọ́n ìlànà ni àwọn náà.

Níbo ni òfin ti ṣe é rí?

Uganda ni àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa. Anne Merriman, dókítà tó ti ṣiṣẹ́ míṣọ́nnárì ní Nàìjíríà nígbà èwe rẹ̀, dá Hospice Africa Uganda sílẹ̀ ní 1993, ibẹ̀ ló sì ti ṣiṣẹ́ títí tó fi re ibi àgbà ń rè ní 2025. Ìjọba Uganda fi ìtọ́jú ìdẹ̀rùn sínú ètò ìlera rẹ̀ láti ọdún 2000. Nígbà tó di 2004, wọ́n yí ìlànà òfin padà kí nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìlera tó ti gba ẹ̀kọ́ pàtàkì lè kọ mọfíìnì olómi, nítorí dókítà kò tó nǹkan ní ìgbèríko wọn. Ìjọba ló ń ra ìyẹ̀fun náà, họ́sípíìsì ń pò ó, aláìsàn kò sì san kọ́bọ̀ lórí rẹ̀.

Íńdíà kọ́ wa ní ìdàkejì. Òfin oògùn olóró tí wọ́n ṣe ní 1985 le tó bẹ́ẹ̀ tí ìwọ̀n mọfíìnì tí wọ́n ń lò fún aláìsàn fi wálẹ̀ ní ìdá 97 nínú ọgọ́rùn-ún títí di 1997, ní orílẹ̀-èdè tó jẹ́ pé òun gan-an ló ń gbin irúgbìn tí wọ́n ń yọ mọfíìnì láti ara rẹ̀. Ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún láti oríṣiríṣi ọ́fíìsì kó tó lè ní ìgò kan. Ó gba ìjàkadì ọ̀pọ̀ ọdún, tí àwọn dókítà ìpínlẹ̀ Kerala ṣáájú rẹ̀, kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn tó tún òfin náà ṣe ní 2014, tí ìwé àṣẹ wá di ẹyọ kan.

Ta ni yóò san owó rẹ̀?

Ó lé ní ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìtọ́jú ní Nàìjíríà tó jẹ́ pé àpò aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ ló ti ń jáde. Nígbà tí àìsàn bá fi máa dé ibi tí kò ti gbóògùn mọ́, wọ́n á ti ta ilẹ̀, wọ́n á ti jẹ gbèsè. Àwọn tó ń ṣètò owó ìlera ní Abuja máa ń sọ pé owó kò tó fún ibà, ìbímọ àti àjẹsára, pé ẹni tó lè yè ni ká kọ́kọ́ tọ́jú. Ọ̀rọ̀ tó wúwo ni, kò sì yẹ ká fi ojú kéré rẹ̀. Èsì àwọn alágbàwí ni pé àìsí ìtọ́jú ìdẹ̀rùn náà ń náni lówó: aláìsàn tí ìrora rẹ̀ kò lọ á máa ti ilé ìwòsàn kan bọ́ sí òmíràn, wọ́n á máa ya fọ́tò inú ara tí kò wúlò mọ́, wọ́n á máa gba bẹ́ẹ̀dì tí ẹlòmíràn nílò. Nọ́ọ̀sì tó ń lọ sílé pẹ̀lú ìgò mọfíìnì kò náni tó bẹ́ẹ̀.

Níbo ni àwọn oníṣègùn fúnra wọn kò ti gbà fún ara wọn?

Lórí nọ́ọ̀sì tó máa kọ oògùn. Àwọn dókítà kan gbà pé mọfíìnì kò gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ dókítà láéláé. Àwọn mìíràn ní dókítà ń ṣí lọ sókè òkun lójoojúmọ́, pé bí a bá ń dúró dè wọ́n, ìgbèríko ò ní rí oògùn yìí láéláé. Nàìjíríà ti ní ìlànà pínpín iṣẹ́ láàrin òṣìṣẹ́ ìlera láti 2014, nítorí náà èrò náà kì í ṣe àjèjì. Ohun tó kù ni kí òfin oògùn àti ìwé àṣẹ nọ́ọ̀sì bá a mu.

Àríyànjiyàn kejì jẹ́ ti òfin tuntun àti àtúnṣe. Àwọn kan fẹ́ òfin kan ṣoṣo tó dá dúró. Àwọn mìíràn ní òfin tí a ní tí a kò lò ti pọ̀ jù, pé ó yá kí mínísítà fi agbára tí National Health Act fún un ṣe ìlànà ìmúṣẹ, kí àjọ adójútòfò tún ìwé àǹfààní rẹ̀ kọ, kí NAFDAC sì mú ọ̀nà oògùn rọrùn. Ìlera tún jẹ́ ohun tí ìpínlẹ̀ lè ṣòfin lé lórí, nítorí náà ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta tàbí Adó-Èkìtì kò ní láti dúró de Abuja.

Ìkẹta ò pariwo, ṣùgbọ́n ó wà nínú gbogbo ilé Yorùbá: ṣé kí a sọ fún aláìsàn? Ẹbí á fa dókítà sẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n á ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Màmá.” Ìfẹ́ ló ń sọ̀rọ̀, ìbẹ̀rù pé ọ̀rọ̀ yẹn gan-an lè pa wọ́n sì wà níbẹ̀. Abala 23 nínú National Health Act ní kí òṣìṣẹ́ ìlera sọ bí àìsàn ṣe rí fún aláìsàn ní èdè tó yé e, àfi bí ẹ̀rí tó dájú bá wà pé ìsọfúnni náà máa pa á lára. Bí dókítà kan ṣe máa túmọ̀ “àfi” yẹn yàtọ̀ sí bí ẹlòmíràn ṣe máa túmọ̀ rẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì họ́sípíìsì sì máa ń sọ pé nígbà tí ẹbí ṣì ń fi pamọ́, aláìsàn ti mọ̀ tipẹ́.

Ẹni tó ní aláìsàn nílé lónìí ńkọ́?

Kó má dúró de òfin. Ẹ̀ka ìtọ́jú ìdẹ̀rùn wà ní UCH Ìbàdàn, ó wà ní ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ìlọrin àti ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Abẹ́òkúta. Kí ẹbí sọ fún dókítà tó ń tọ́jú aláìsàn pé wọ́n fẹ́ kó kọ̀wé darí wọn síbẹ̀, kí wọ́n sì tètè béèrè, kì í ṣe ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn. Kí wọ́n máa kọ ìgbà tí ìrora dé sílẹ̀, ibi tó ti ń ro ó, àti bó ṣe le tó láti òdo títí dé mẹ́wàá, nítorí ohun tí dókítà máa fi ṣírò ìwọ̀n oògùn nìyẹn. Bí wọ́n bá fún wọn ní mọfíìnì olómi, kí wọ́n tì í mọ́ àpótí, kí wọ́n béèrè oògùn tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀ pẹ̀lú rẹ̀, kí wọ́n má dúró kí ìrora padà dé kí wọ́n tó fún aláìsàn ní ti wákàtí tó kàn, kí wọ́n sì dá ìyókù padà sí ilé ìwòsàn nígbà tí a kò bá nílò rẹ̀ mọ́.